Ilẹ̀ Àbújá: ìdí tí ìwé area council fi ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà

Láti ìgbà tí Nyesom Wike, mínísítà Àbújá, ti kéde àtúntò ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn Yorùbá tó wà níbí, ì báà ṣe Lugbe, Kubwa, Kuje àbí Karu: ilẹ̀ tí mo ra, tí area council, ìyẹn kánsù, fún mi níwèé ẹ̀, tí mo ti kọ́lé sí, tí mo ti ń gbénú ẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, kí nìjọba tún ní kí n lọ ṣe sí i? Àwọn míì ò tiẹ̀ ráyè béèrè nǹkan kan, wọ́n kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan ni, wọ́n bá pẹ́ńtì pupa lára fẹ́ǹsì wọn. Àwọn tó wà nílé náà ń pè, láti Ìbàdàn, láti Òṣogbo, pé ejẹ́ńtì kan ló ń ta pọ́lọ́ọ̀tì fáwọn ní Àbújá, owó ẹ̀ ò wọ́n, ìwé ẹ̀ pé, ṣé káwọn san?

Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, torí àwọn tó ń jẹ nínú ẹ̀ ò ní sọ ọ́ fún yín. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn wa ò gbọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ra ilẹ̀ lọ́wọ́ gbájú-ẹ̀. Ìjọba méjì, kánsù àti ìjọba Àbújá tó wà lábẹ́ mínísítà, ló ń fa ilẹ̀ kan náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, ọ̀kan gba owó, ọ̀kan lágbára, ẹni tó ra ilẹ̀ ló wà láàárín, òun nìkan sì ni nǹkan tiẹ̀ lè bàjẹ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ jìnnà díẹ̀. Adájọ́ Akinola Aguda, ọmọ Yorùbá, ni Murtala Muhammed fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wá ibi tí olú-ìlú tuntun máa wà lọ́dún 1975. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, ìjọba ológun gbé Decree No. 6 jáde, wọ́n gé ilẹ̀ lára ìpínlẹ̀ Niger, Plateau àti Kwara ayé ìgbà yẹn, ó tó nǹkan bíi 8,000 square kilometre, wọ́n ní ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ẹ̀ pátá. Àwọn èèyàn sì wà lórí ilẹ̀ náà o, àwọn Gbagyi ló pọ̀ jù, Koro, Gade, Gwandara àti Bassa náà wà ńbẹ̀. Ohun tí ìjọba kọ́kọ́ ní lọ́kàn ni pé kí gbogbo wọn gba owó gbà-máà-bínú, kí wọ́n kó lọ sí ìpínlẹ̀ míì, ìgbà tí wọ́n ṣírò owó ẹ̀, ó ga ju ohun tí wọ́n fẹ́ ná lọ, wọ́n wá ní ẹni tó bá fẹ́ dúró kó dúró. Bí àwọn ará Wuse ṣe pín sọ́nà méjì nìyẹn, àwọn kan lọ sí Kubwa, àwọn kan sọdá sí Sabon Wuse ní ìpínlẹ̀ Niger, ṣùgbọ́n abúlé Garki ṣì wà láàárín ìlú títí dòní, àwọn ilé ńláńlá yí i ká.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè tọdún 1999 wá fi èdìdì dì í. Section 297 ní ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ilẹ̀ tó wà ní FCT, ìyẹn gbogbo agbègbè olú-ìlú Àbújá. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n wí, wọn ò yọ oko sílẹ̀, wọn ò yọ abúlé sílẹ̀. Torí náà, ọgbọ́n tá a fi ń ra ilẹ̀ nílé, pé ká wá ẹbí tó nilẹ̀ rí, ká bá olórí ẹbí àti àwọn àgbààgbà sọ̀rọ̀, ká kọ̀wé kí gbogbo wọn tọwọ́ bọ̀ ọ́, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbí. Bí olóyè Gbagyi kan bá ta ilẹ̀ baba ẹ̀ fún yín, egungun baba ńlá ẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ náà lóòótọ́, òfin ò rí i bí onílẹ̀. Èmi ò rò pé ìwà tó dáa ni wọ́n hù sí àwọn èèyàn yẹn, mo sì máa ń sọ ọ́ fáwọn tó ń pè wọ́n ní ọmọ onílẹ̀ alájẹkì pé àwọn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n òfin tó wà nìyẹn. Ilé ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Ona àti Atenda lọ́dún 2000, ilé ẹjọ́ tó ga jù tún sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Madu àti Madu lọ́dún 2008, pé ìjọba àpapọ̀ ló nilẹ̀, mínísítà FCT ló ń pín in lórúkọ Ààrẹ.

Ibi táwọn kánsù ti wọlé nìyí. Mẹ́fà ni wọ́n, AMAC (Abuja Municipal), Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji, àwọn ló dà bíi lókà gọ́fúmẹ́ntì níbí. Òfin Land Use Act tọdún 1978 sọ fún àwọn ìpínlẹ̀ pé gómìnà ló ń mójú tó ilẹ̀ ìgboro, lókà gọ́fúmẹ́ntì lè fúnni ní customary right of occupancy, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀, lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro. Àwọn kánsù Àbújá ka ibẹ̀, wọ́n ní àwọn náà lókà gọ́fúmẹ́ntì ni, Lugbe àti Kuje ò sì í ṣe Maitama tó wà láàárín ìgboro, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í la ilẹ̀ sí pọ́lọ́ọ̀tì, wọ́n ń tẹ ìwé, wọ́n ń gba owó. Ìjọba FCT ní ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́, kò sí gómìnà níbí, kò sí ilẹ̀ ìgboro àti ilẹ̀ oko, mínísítà nìkan ló lè fúnni nílẹ̀. Lójú òfin, ìjọba FCT jàre. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ọdún mélòó ni wọ́n fi wo àwọn kánsù yẹn níran? Gbangba ni wọ́n ti ń ta á. Ófíìsì wà, òǹtẹ̀ wà, risíìtì wà, sọ́fíyọ̀ wà, wọ́n ń gbé bíkìn, òpó ààlà ilẹ̀, sílẹ̀ lójú gbogbo ayé, ojúlówó òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó oṣù ló ń kọ orúkọ èèyàn sínú rẹ́gísítà. Ta ni ẹ fẹ́ kó mọ̀ pé ìwé tí ìjọba fún òun, ìjọba míì ò mọ̀ ọ́n?

Nígbà tí Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà, láàárín 2003 sí 2007, wọ́n dá AGIS, ófíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Àbújá, sílẹ̀, wọ́n kó àkọsílẹ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà, ìgbà yẹn ni wọ́n rí i pé ìwé kánsù ti pọ̀ kọjá ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Lọ́dún 2006 wọ́n wá ní kí gbogbo ẹni tó ní ìwé kánsù mú un wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tó bá mọ́ yán-án-yán wọ́n máa sọ ọ́ di ìwé mínísítà, ohun tí wọ́n ń pè ní regularisation nìyẹn. Àwọn èèyàn sáré lọ, wọ́n san owó, wọ́n fi ojúlówó ìwé wọn sílẹ̀, wọ́n gba ìwé pélébé kan padà pé a ti rí tiyín gbà.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló máa ń bí mi nínú jù. Ìjọba FCT fúnra wọn ló kéde ẹ̀ lọ́dún 2025: láti 2006 títí di 2023, ìwé 261,914 làwọn èèyàn mú wá láti kánsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, 8,287 péré ni wọ́n yẹ̀ wò. Ọdún mẹ́tàdínlógún o! Nínú èyí tí wọ́n yẹ̀ wò ọ̀hún, 2,358 ló yege, 5,929 ò yege. Ẹ jẹ́ ká fi ara balẹ̀ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó fi ìwé ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2006. Kò lè ta ilẹ̀, kò lè fi yá owó ní báńkì, kò mọ̀ bóyá òun yege àbí òun ò yege, ìwé ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn, ọmọ tó bí lọ́dún yẹn ti ń wọ yunifásítì. Kò sì lè dúró kó má kọ́lé, torí ilẹ̀ tó bá ṣófo ní Àbújá, ẹlòmíì máa kọ́ ọ.

Ìyẹn ni apá kan, ọ̀rọ̀ ẹni tó nilẹ̀. Apá kejì ni ohun tí wọ́n ní kí wọ́n fi ilẹ̀ ṣe, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ò sì fọkàn sí. Àbújá ní Master Plan, ọdún 1979 ni wọ́n ti parí ẹ̀, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ International Planning Associates ló ṣe é, Kenzo Tange, ará Japan, sì ya àárín gbùngbùn ìlú. Nínú ètò yẹn àti àwọn àwòrán tí wọ́n ń yà tẹ̀ lé e, gbogbo ilẹ̀ ló ní iṣẹ́ tiẹ̀: ibí fún ilé gbígbé, ibí fún ọjà, ibí fún ilé ìwé, ibí kí wọ́n má kọ́ nǹkan kan sí torí omi òjò, ibí ni títì máa gbà kọjá lọ́jọ́ kan. Kánsù tó la ilẹ̀ tiẹ̀ ò fi dandan wo àwòrán yẹn. Nítorí náà ìwé lè sọ pé ilé gbígbé ni wọ́n fún yín, kó sì jẹ́ pé lórí àwòrán ìjọba FCT, àárín títì lẹ wà. Lọ́dún 2003 ilé ẹjọ́ tó ga jù dá ẹjọ́ láàárín ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀ pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni ètò ìlú kíkọ́, ìjọba àpapọ̀ ò lè dá sí i, àyàfi ní FCT. Níbí, ìjọba àpapọ̀ náà ni, ẹ̀ka Development Control ló ń ṣe é, àwọn náà ló ń fi pẹ́ńtì pupa kọ nǹkan sára ilé.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí ọ̀rọ̀ wọn kó gbogbo ẹ̀ já. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá, Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n bá ministry wọn wá síbí lẹ́yìn tí ìjọba kó dé Àbújá ní oṣù kejìlá ọdún 1991. Nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ parí, wọ́n ra ilẹ̀ lọ́wọ́ kánsù kan. Kì í ṣe lọ́wọ́ ejẹ́ńtì o, ófíìsì kánsù ni bàbá fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ. Wọ́n gba ìwé, wọ́n fi gratuity kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin síwájú ẹ̀, ìyàwó wọn ń ta ìpápánu àti gáàrí ní ọ̀kan, wọ́n gbé mẹ́ta tó kù fáyálégbé. Àwọn kánsù náà ló fọwọ́ sí àwòrán ilé, ó wà nínú fáìlì.

Wàhálà àkọ́kọ́ dé lórí ṣọ́ọ̀bù. Development Control lẹ ìwé mọ́ géètì pé ilé gbígbé ni wọ́n fún bàbá, ẹ ti sọ ọ́ di ibi òwò láìgba àṣẹ, ẹ wó o. Bàbá mú ìwé náà lọ sí kánsù, kánsù ní kí bàbá máa bá òwò wọn lọ, pé àwọn tó lẹ̀wé yẹn ò láṣẹ lórí àwọn. Bàbá gbà á gbọ́, torí kò sẹ́ni tí ò ní gba ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́ nínú ófíìsì ìjọba. Ọdún mélòó kan kọjá, wọ́n tún padà wá, ìgbà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, wọ́n ní orí ojú títì tí wọ́n fẹ́ là ni gbogbo ilé wà. Kó tó di pé bàbá mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí ìyẹn, ilé iṣẹ́ kan tó ń kọ́ ẹ̀sítéètì yọ pẹ̀lú ìwé tiẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba FCT, ó ní wọ́n ti fún òun ní gbogbo ilẹ̀ láti ìsọdá odò títí dé ẹ̀yìn ilé bàbá. Ẹ wá sọ fún mi, ojú títì àbí ẹ̀sítéètì? Àwọn ará àdúgbò ti bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn títí ó fi sú wọn.

Bàbá gba kọ́ọ̀tù lọ. Kọ́ọ̀tù níbí kì í ṣe nǹkan kékeré. Wọ́n kọ́kọ́ jà lórí ilé ẹjọ́ wo ló lẹ́tọ̀ọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà, ṣé High Court FCT ni àbí Federal High Court, torí àjọ ìjọba àpapọ̀ wà nínú ẹ̀, ìyẹn nìkan gba ọdún. Nígbà tí wọ́n wá yanjú ìyẹn, tí àwọn ẹlẹ́rìí ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n gbé adájọ́ lọ síbòmíì, ẹjọ́ sì ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, bí òfin wa ṣe rí nìyẹn, adájọ́ tuntun ò lè dá ẹjọ́ tí kò fetí ara ẹ̀ gbọ́. Ẹlẹ́rìí bàbá kan, tó jẹ́ sọ́fíyọ̀ tó gbé bíkìn sílẹ̀ nígbà yẹn, ti kú kí wọ́n tó tún kàn án.

Mo rí fáìlì bàbá. Lẹ́búlú pupa ló wà lára ẹ̀, wọ́n fi lailọ́ọ̀nù wé e torí òjò. Ìwé tí kánsù fi fún wọn nílẹ̀ ló wà lókè, òǹtẹ̀ ẹ̀ ti ń ṣá. Lẹ́yìn ẹ̀ ni site plan, nọ́ńbà bíkìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lára ẹ̀, ẹnìkan fi bírò búlúù yí ọ̀kan ká. Lẹ́yìn ìyẹn ni risíìtì tenement rate, owó tí kánsù ń gbà lórí ilé, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, bàbá ò fo ọdún kankan. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì náà wà ńbẹ̀, nígbà tí wọ́n já a kúrò, ọ̀dà géètì bá a wá, ó gbẹ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Déètì tó wà lórí ìwé yẹn fi oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Lọ́yà bàbá ní ìyẹn gan-an ló máa ran àwọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí, torí ó kan gbogbo ẹni tó nílé níbí. Bí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀ tí wọ́n ti fúnni, Section 28 nínú Land Use Act ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nítorí ohun tó máa ṣe gbogbo ìlú láǹfààní, àbí kẹ́ni tó nilẹ̀ ti ṣẹ̀ sí àdéhùn ẹ̀, ìgbà tí ìwé bá sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni ẹ̀tọ́ ẹ̀ tó parí. Section 44 wá sọ bí ìwé yẹn ṣe lè dé ọwọ́ èèyàn: kí wọ́n fún un lọ́wọ́, kí wọ́n fi sílé ẹ̀, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì, tí wọ́n ò bá sì rí i, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé. Ilé ẹjọ́ ti fagi lé ilẹ̀ gbígbà lóríṣiríṣi torí pé ìjọba ò fún onílẹ̀ níwèé bó ṣe yẹ. Ìyẹn la ṣe ń sọ pé kẹ́ ẹ má já ìwé tí wọ́n bá lẹ̀ dànù tìbínútìbínú. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ bó ṣe wà lára ògiri, kí déètì hàn, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀.

Owó gbà-máà-bínú ńkọ́? Section 29 ní ilẹ̀ gangan, owó ilẹ̀ tẹ́ ẹ san lọ́dún yẹn ni wọ́n máa dá padà, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ fi rà á o. Ilé tó wà lórí ẹ̀ ni wọ́n máa díwọ̀n, iye tó máa ná wọn láti kọ́ irú ẹ̀, kí wọ́n wá yọ ti gbígbó kúrò. Tí owó náà bá kéré, Section 47 ò gba kọ́ọ̀tù láyè láti bi wọ́n pé kí ló dé tó fi kéré. Ọ̀pọ̀ lọ́yà ló ní abala yẹn ta ko ìwé òfin orílẹ̀-èdè tó ní kí wọ́n san owó fún ẹni tí wọ́n bá gba dúkìá ẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú wọn.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, ẹni tí ìjọba gbà pé ó ní ìwé ló wà fún. Ẹni tí wọ́n bá ní ìwé ẹ̀ kì í ṣe ìwé, kò tiẹ̀ kan Section 28 rárá, wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀ lójú tiwọn, afipágbélẹ̀ lásán ni, katakata ló máa bá a sọ̀rọ̀, kò sí kọ́bọ̀. Ibi tí ọ̀bẹ ti ń gé èèyàn nìyí, ìdí sì nìyí tí ìwé kánsù tí wọn ò yẹ̀ wò fún ọdún mẹ́tàdínlógún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ófíìsì lásán. Tí wọ́n bá yẹ tiyín wò tó yege, onílẹ̀ ni yín, ẹ máa gba owó tí wọ́n bá wó o. Tí wọn ò bá yẹ̀ ẹ́ wò, afipágbélẹ̀ ni yín títí wọ́n á fi dé. Ó dà bí ẹni tó ra ewúrẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá ọjà, tí ọlọ́pàá míì wá mú un pé ewúrẹ́ olè ló fà lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Kí ẹ má rò pé àròsọ ni. Nígbà El-Rufai, àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn COHRE àti SERAC ṣe ìwádìí, wọ́n ní àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé lé ní 800,000, láti Karmo, Kubwa, Lugbe títí dé Nyanya. Àwọn ará Mpape rí ìkìlọ̀ tiwọn lọ́dún 2012, wọ́n kóra jọ, wọ́n gba kọ́ọ̀tù lọ, nígbà tó di 2017, High Court FCT ní kí ìjọba má wó ilé wọn. Kíkóra jọ yẹn ló gbà wọ́n. Tó bá jẹ́ pé ẹnìkọ̀ọ̀kan ló lọ, mi ò rò pé wọ́n ì bá dé ọdún karùn-ún.

Ẹni tó ní ojúlówó C of O, ìwé ilẹ̀ tó ti ọ̀dọ̀ mínísítà wá, náà ò gbọdọ̀ sùn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Wike gba pọ́lọ́ọ̀tì 165 lọ́wọ́ àwọn tí wọn ò kọ́ nǹkan kan sí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n fagi lé ìwé 4,794 torí ground rent, owó ilẹ̀ ọdọọdún, tí wọn ò san fún ọdún mẹ́wàá sókè, àwọn kan jẹ gbèsè tó tó ọdún mẹ́tàlélógójì, ní Maitama, Asokoro, Garki, Wuse àti Guzape. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì í pa ní oṣù karùn-ún, wọ́n ti olú ilé ẹgbẹ́ PDP, wọ́n ti ófíìsì FIRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀ nígbà yẹn, kan ní Wuse, Ààrẹ Tinubu wá dá sí i, ó fún gbogbo wọn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá kí wọ́n lọ san gbèsè wọn pẹ̀lú owó ìtanràn. Mi ò bínú sí i pé wọ́n fún wọn láyè. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó wà ní Lugbe àti Kuje, tí wọ́n ń san gbogbo owó tí wọ́n bá ní kí wọ́n san, kò sí Ààrẹ tó ń fún wọn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ìjọba náà, kó má lọ dà bíi pé mo fẹ́ kí gbogbo ayé máa kọ́lé síbi tó wù wọ́n. Àwọn tó ń gbé ẹ̀sítéètì Trademore ní Lugbe mọ ohun tí omi ṣe fún wọn ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ilé kún, mọ́tò ń léfòó. Ìlú tí wọ́n bá kọ́ dí ojú omi, omi náà á wá ibi gbà. Títì tí wọn ò bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún lónìí, wọn ò ní rí i là lọ́la. Mo fara mọ́ Master Plan. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ́lé sórí gọ́tà ìjọba, tó rí ìwé pé kó dúró tí ò dúró, mi ò lè gbèjà ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán tí àwọn ará ìlú ò lè rí, tí wọ́n tọ́jú sí ófíìsì, tí wọ́n ń mú jáde lẹ́yìn tí ilé ti parí, ìyẹn kì í ṣe ètò ìlú.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ báyìí, ẹ má san kọ́bọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe legal search, ìyẹn kẹ́ ẹ yẹ àkọsílẹ̀ ilẹ̀ náà wò, ní AGIS, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí sọ́fíyọ̀ tó mọṣẹ́ gbé nọ́ńbà bíkìn yẹn sórí àwòrán ìjọba, kó sọ fún yín ohun tí wọ́n ní kí wọ́n fi ilẹ̀ náà ṣe. Bó bá jẹ́ ìwé kánsù nìkan ló wà, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé níbo ni ìwé ẹ̀ dé nínú regularisation, kó mú ẹ̀rí wá. Ejẹ́ńtì á ní gbogbo ayé ló ń rà á bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni, gbogbo ayé náà ló wà nínú wàhálà. Ẹni tó bá ti kọ́lé, tó sì fẹ́ yí iwájú ẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù, àṣẹ ẹ̀ wà lọ́tọ̀, owó ẹ̀ wà lọ́tọ̀, ọ̀dọ̀ Development Control ló ti ń jáde, ìfọwọ́sí kánsù ò tó. Ground rent ti ìjọba FCT ni, tenement rate ti kánsù ni, ẹni tó san ọ̀kan ò tíì san èkejì.

Tí wọ́n bá ti wá lẹ̀wé mọ́ ilé yín, ẹ má ṣe bí bàbá wa ṣe ṣe nígbà àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí kánsù kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn dá yín padà. Ẹ kọ èsì sí ófíìsì tó kọ ọ́ gan-an, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín pé wọ́n ti rí i gbà. Ẹ sì tètè wá lọ́yà, torí òfin kan wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, Public Officers Protection Act, ó ní oṣù mẹ́ta péré lẹ fi lè pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí ohun tí wọ́n ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn lọ́yà ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kúrò nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ fi máa fi ilé yín ta tẹ́tẹ́ lórí àríyànjiyàn lọ́yà? Oṣù mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn.

Nínú àtúntò tọdún 2025, wọ́n ní wọ́n máa yára yẹ ìwé kánsù wò báyìí, wọ́n sì ní ẹni tí wọ́n bá fún nílẹ̀ tuntun gbọ́dọ̀ san owó ẹ̀ láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, kó sì kọ́ ọ láàárín ọdún méjì. Ó dáa. Kí àwọn náà fún ara wọn ní ọjọ́ tiwọn. Ẹni tó fi ìwé ẹ̀ sílẹ̀ láti 2006 lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdáhùn kó tó san owó tuntun kankan, kí wọ́n má sì wó ilé ẹnikẹ́ni tí ìwé ẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì wọn láìyẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n bá yẹ̀ wò tí ò yege torí pé kánsù ta ohun tí kì í ṣe tiẹ̀, kí kánsù dá owó padà, kí wọ́n pe àwọn tó tọwọ́ bọ̀wé náà, orúkọ wọn wà lórí ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kánsù tó ta ilẹ̀ fún bàbá yọ nílé ẹjọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ọjọ́ tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nínú ẹ̀. Lọ́yà bàbá ò gbà, orí ìyẹn ni wọ́n wà báyìí.